Ẹ̀mú Èdìdì Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ìwàrà

Iléṣà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbídùn ọmọ mi, Àṣàkẹ́ bàbá rẹ̀,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀ọ́, fún ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá ní omi tútù, kí o sì gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Bàbá Ìwàrà ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ tí o bá rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ ní Òkè-Baálẹ̀, nítorí láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, o kò rí i kó jẹun nílé wa rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó jíṣẹ́ fún mi. Wàá tún rí i pé mi ò lẹ àpòòwé náà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n má fò lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré ni o ti máa ń ka ìparí ìwé ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ. O ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin kan ti dé etí àwọn àna rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ nílé ìwòsàn tí o ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà. O ní ọ̀gá yín fẹ́ kí o fọwọ́ sí ìwé kan lọ́jọ́ Ẹtì, pé gbogbo nǹkan ti wà létòlétò báyìí, àti pé Alájà Síkírátù tó ń tọ́jú fáìlì ló jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà yín jáde síta. Oṣù kejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, wọn ò tíì fún ọ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó dúró, tí o bá kọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. O wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?" Èmi tí mo máa ń ní èsì sí gbogbo nǹkan, mo ní kí o fún mi láyè díẹ̀. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí o ti kọ́ mi yé mi. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ gírédà, tí mi ò yẹ kòkó wò fún ìjọba mọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tó wù mí gbọ́ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí mo wá sí Òṣogbo lóṣù tó kọjá, tí o mú mi wọ ọ́fíìsì yín, mo rò pé n óò kàn jókòó sábẹ́ fáànù ni. Àṣé ilé ẹ̀kọ́ ni mo dé. Alájà ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́. Ó fà mí lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń wo èsì àyẹ̀wò, ìkìlọ̀ pupa sì gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, Bàbá," ó ní. "Bó bá ti pupa báyìí, ẹ tẹ ibi kékeré ìsàlẹ̀ yìí, ẹ ní ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ó parí. Àlùhámúdù lílàhí, ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń ṣe é."

Ó tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun má baà máa dààmú. Ìwé rẹ̀ mọ́, ó dùn ún kà. Mo bi í pé kí ni nǹkan yìí ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó béèrè rí o."

Ìwọ lo wá ṣàlàyé nígbà tí a ń rìn lọ sílé. O ní bí ọ̀rọ̀ bá ń ti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn, ó gbọ́dọ̀ wà ní dídì, kí ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà má lè kà á. O ní kọ̀ǹpútà tí a pè gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí jáde pé òun gan-an ni a pè, kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tiyín ti kú. Ọ̀nà tí ẹ fi ń di ọ̀rọ̀ ti gbó, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á tú u. Èyí tó burú jù ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ìwé ẹ̀rí náà dúró lé lórí. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló yẹ kó wà. Ti ilé ìwòsàn yín wà nínú fíláàṣì, fíláàṣì náà sì wà nínú pọ́ọ̀sì Alájà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Mo ní báwo ló ṣe débẹ̀. O ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ ló gbé e fún un lọ́jọ́ tó ń lọ, pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ta ni ì bá tún fún? Alájà ni gbogbo ọ́fíìsì ń kó nǹkan fún: kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù, ìwé ìbí ọmọ, òrùka ẹni tó fẹ́ fọ ọwọ́. Àgbà tí kì í jẹ ohun àfipamọ́ ni. Ẹni tó bá sì wá béèrè fíláàṣì, tó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, á yọ ọ́ fún un kí iṣẹ́ má baà dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun yìí yàtọ̀ sí òrùka. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò wá mọ́, torí mo ti rántí ẹ̀mú kan. A ó débẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìwọ lo sì béèrè.

Èkínní, má ti ilẹ̀kùn kankan kí o tó mọ gbogbo ilẹ̀kùn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Ìwàrà, òfin ní a kò gbọdọ̀ gba kòkó tó wà nínú àpò gbígbó. Òfin tó dára ni. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ilé ìkẹ́rù, mo dá gbogbo àpò gbígbó padà láì sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Àwọn obìnrin tó ti ru kòkó láti oko wà lórí ìlà, òjò sì ṣú. Ìyá àgbà kan bi mí bóyá ojú ọ̀run kò sí nínú ìwé tí mo kà ni. Òjò náà rọ̀. Kòkó tó ti gbẹ láàárọ̀ tutù ní ọ̀sán, èmi tí mo fẹ́ kí kòkó dára ni mo bà á jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

O sọ fún mi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan wà ní láàbù yín tó ti dàgbà, tí kò gbọ́ ju ọ̀nà ìdìpọ̀ àtijọ́ lọ, àti pé ọwọ́ ń yún ọ láti pa ọ̀nà náà rẹ́ pátápátá. Fara balẹ̀. Tí o bá pa á láàárọ̀, èsì ẹ̀jẹ̀ aláboyún kan lè há sínú ẹ̀rọ náà. Rìn yí ká, kọ gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sínú ìwé, àti irú ìdìpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́. Sọ fún àwọn ará láàbù. Lẹ́yìn náà kí o wá ṣe ohun tí o sọ fún mi, pé o lè fi kọ̀ǹpútà kékeré kan síwájú ẹ̀rọ arúgbó yẹn, kó máa bá a sọ èdè àtijọ́ nínú yàrá kan, kó sì máa bá ìyókù sọ ti ìsinsìnyí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, mo ti sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta. Ṣùgbọ́n dá ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fẹ̀yìntì, kí ìgbà díẹ̀ má baà di títí ayé.

Ìkejì, má ṣe bínú sí ìwé ẹ̀rí pé ó ń kú. Mo bi ọ́ nígbà yẹn pé, bí kọ̀ǹpútà náà ò bá yí padà, kí ló dé tí ìwé rẹ̀ fi ń tán. O ní nítorí pé ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lánàá lè má jẹ́ òótọ́ lónìí. Mo pàtẹ́wọ́. Bí kòkó ṣe rí gan-an nìyẹn! A ó kó ẹyọ kòkó, a ó fi ọ̀bẹ là wọ́n, a ó wo inú wọn, a ó ní wọ́n dára. Bí àpò náà bá pẹ́ nílé ìkẹ́rù, a gbọ́dọ̀ tún un là wò, torí kòkó ń fa omi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà má fi orí rántí ọjọ́ tí ìwé máa kú. O ní kọ̀ǹpútà lè gba ìwé tuntun fúnra rẹ̀. Jẹ́ kó máa gbà á, ṣùgbọ́n ìwọ lọ wò ó bóyá ìwé tuntun náà ló ń mú jáde fún àlejò, tàbí ó kó o sápò, ó sì ń ná èyí tó ti kú.

Ìyẹn rán mi létí. O rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́ pẹ̀lú ìpayà pé fóònù mi kò ṣí ohunkóhun mọ́? Mi ò jẹ́wọ́ fún ọ nígbà yẹn. Èmi ni mo yí ọjọ́ tó wà lórí fóònù padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, kí n lè wò ó bóyá àwọn ìwé ẹ̀rí á mọ̀. Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ní a kò tíì bí àwọn. Tí kọ̀ǹpútà kan bá ń kígbe níbẹ̀ yẹn tí o kò sì rí ẹ̀bi rẹ̀, kọ́kọ́ wo aago rẹ̀. Mo tún ti ń tẹ àmì àgádágodo kékeré yẹn lórí gbogbo ojú ewé tí mo bá ṣí, kí n lè ka ẹni tó fún wọn níwèé àti ọjọ́ tó máa kú. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ti kú. Mo sọ fún akọ̀wé, ó ní ká fi í sínú àdúrà.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́: bébà orí ògiri yẹn. Ọ̀gá yín ní kí o kọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n máa gba ìwé tó ti kú láì kìlọ̀, kí pupa náà lè pòórá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó pa ajá rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó nìyẹn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ẹ ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwé tó mọ́, láti máa ti ìkìlọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí gbájúẹ̀ bá dé lóòótọ́, pupa kan náà ni wọ́n á rí, wọ́n á sì tẹ ibi kékeré ìsàlẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀mú.

Bí a bá ti yẹ kòkó wò tán, a ó rán ẹnu àpò, a ó fi wáyà kọ́ ọ, a ó fi òjé kékeré sí i, a ó sì fi ẹ̀mú tẹ òjé náà pa. Èdìdì nìyẹn. Nọ́ńbà wà lẹ́nu ẹ̀mú oníkálukú. Nọ́ńbà tèmi ló ń sọ fún ẹni tó wà ní èbúté, tí kò rí mi rí, pé ojú mi rí kòkó yìí, ó dára. Ẹ̀mú kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Inú àpótí onírin ló ń gbé, ẹni tó sì ń bá mi gbé àpótí náà ni Ọlá, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Ìwàrà. Ọ̀dọ́ ni àwa méjèèjì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìkejì-Arákeji nígbà náà, mo sì ti ń rò ó lójoojúmọ́. Ìyá rẹ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àpò mẹ́rin péré ló kù. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò, èdìdì ló kù. Oníṣòwò tó ni wọ́n ní alùpùpù tuntun, ó sì rí i pé ojú ọ̀nà ni mò ń wò.

"Ẹ gbé e lọ, ọ̀gá mi," ó ní. "Ẹ lọ kí wọn ní Ìkejì. Ẹ ṣáà fi ẹ̀mú sílẹ̀, àwa náà lè tẹ mẹ́rin."

Mo fi sílẹ̀. Ọlá kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sílé lọ jẹun. Mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gba ẹ̀mú mi, mo ti àpótí, mo rò pé ó tán. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ ẹnu rẹ̀ sínú ọṣẹ, wọ́n sì ti gbé ọṣẹ náà fún alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà, Ìbídùn, bí Alájà bá dá fíláàṣì padà, má rò pé kọ́kọ́rọ́ ti padà. Ohun tí ẹlòmíràn bá ti rí, o kò lè gbà á lójú rẹ̀. Fagi lé e, rọ tuntun, kí o sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ti àtijọ́ kò níyì mọ́.

Ohun tí mi ò ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo rí àpò kan tí mi ò yẹ̀ wò rí, nọ́ńbà mi sì wà lára èdìdì rẹ̀. Bí mo bá sọ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, wọn ì bá bá mi wí, ì bá parí. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé nítorí obìnrin ni. Mo ń tẹ nọ́ńbà kan náà lọ ní gbogbo ìgbà kòkó yẹn. Nígbà tí kòkó tó ti bu dé èbúté pẹ̀lú èdìdì mi, àwọn ọ̀gá wá sí Ìwàrà. Wọ́n béèrè pé ta ló ń súnmọ́ àpótí yìí.

Mo ní, "Èmi àti Ọlá nìkan."

Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo ẹni tó ń gbé àpótí, wọ́n lé e lọ. Ó wá síbi ìgbéyàwó wa, ó jókòó lẹ́yìn, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Kò mọ ohun tí mo ṣe. Ohun tó mọ̀ ni pé mo mọ òun, mo sì dákẹ́. Ìyá rẹ kú, ó sì rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló ta ẹ̀mú. Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Kò sí ọjọ́ tí kì í dùn mí.

Gbólóhùn tí ọ̀gá yín fẹ́ kí o fọwọ́ sí, òótọ́ ni òun náà. Fíláàṣì wà lọ́wọ́ Alájà.

Lánàá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwàrà. Mo bá a níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ da kòkó nínú oòrùn. Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí alùpùpù dé orí ọṣẹ. Kò dá ẹsẹ̀ dúró. Ó da kòkó yẹn dé ìpẹ̀kun ẹní, ó dà á padà. Lẹ́yìn náà ó bi mí, pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ tó ki yẹn, pé ọjọ́ tí mo gun alùpùpù lọ sí Ìkejì, ṣé mo bá àbúrò òun ní ulé?

"Rárá," mo ní. "Ọ̀gá rẹ̀ ti rán an lọ ra òwú ní Iléṣà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lórí kòkó, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí n óò kọjú sí. Nígbà tó ṣe, mo sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ fún un, àti ti Alájà. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, ìyá yẹn, ṣé wọ́n ti lé e lẹ́nu uṣẹ́? Mo ní ó di ọjọ́ Ẹtì. Ó dìde.

"Kọ ọ́ sínú ìwé," ó ní. "Gbogbo rẹ̀. Èmi ni n óò mú un lọ."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Mi ò lẹ àpòòwé yìí kó lè kà á lójú ọ̀nà. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i lákọsílẹ̀, lọ́wọ́ mi, pé òun kọ́.

Ní ti ìwé ọjọ́ Ẹtì, kọ ohun tí o rí: ìgbà tí ìwé ẹ̀rí ti kú, ìdìpọ̀ tó gbó, àti pé kò sí ìlànà kankan lórí ẹni tó yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á lò, kì í ṣe ti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ nìkan. Kọ èyí tí o ti tún ṣe, kí o sì kọ èyí tó kù. Ṣùgbọ́n kí o tó fi í fún ọ̀gá yín, mú un lọ bá Alájà, kà á fún un, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dùn ún kà yẹn kọ bébà tuntun: bó bá pupa, ẹ dúró, ẹ pe Ìbídùn. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ nítorí rẹ̀, yàrá rẹ wà nílé, mo ti ní kí wọ́n gbá a.

Ó tán, mi ò fi ìmọ̀ràn mìíràn kún un. Gbé ojú sókè báyìí, wo abọ́ tó wà níwájú Bàbá Ìwàrà. Pè mí, kí o sọ fún mi bóyá ó jẹun.

Bàbá rẹ ni.